Ta ni wọ́n kọ sábẹ́ "àwọn mìíràn"? Ìtàn àwọn àgíríìkì fásitì, láti Agége dé Gwagwalada

Èmi náà nìyẹn, bàbá yín tó ń ta àgbàdo àti ẹ̀gúsí ní Gwagwalada. Akọ̀wé wa ní òun á tẹ ohùn yìí sórí ìwé bíi ti àtẹ̀yìnwá, fún àwọn tí kò ní dátà láti fi gbọ́ ọ. Nítorí náà màá gbìyànjú kí n má sáré sọ̀rọ̀. Ẹ má bínú sí jẹnẹrétọ̀ tó ń dún yẹn, ti aládùúgbò ni.

Ohun tó bí ọ̀rọ̀ yìí kò ju báyìí lọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wá sí ìsọ̀ mi, ọmọ Gbagyi, ọmọ fásitì, ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ àṣekágbá òun dá lórí bí fásitì ṣe lè ṣètò ọdún márùn-ún tó ń bọ̀ fún iṣẹ́ tó ń bá àwọn àgbẹ̀ àti ará ìlú ṣe. Ó bi mí pé, "Baba, ṣé àgbẹ̀ ni yín?" Mo ní rárá, ọlọ́jà ni mí. Ó wo ìwé rẹ̀, ó ṣí i sí ẹ̀yìn, ó tún ṣí i padà. Àgbẹ̀ wà níbẹ̀. Baálẹ̀ wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ obìnrin abúlé náà wà níbẹ̀. Ọlọ́jà kò sí. Ojú tì í díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á kọ mí sábẹ́ "àwọn mìíràn".

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fún un ní omi mu. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, "àwọn mìíràn" yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo mẹ́nu bà á nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹnìkan sì dá mi lóhùn pé kí ló kan àwa àlejò nínú ọ̀rọ̀ fásitì, ká sáà ta ọjà wa ká lọ sùn. N kò bá ẹni yẹn jà. Ìtàn ni mo fẹ́ fi fèsì. Ẹ sì mọ̀ pé mo ka ìwé àgíríìkì díẹ̀ nígbà èwe mi kí ọjà tó gbà mí mọ́ ìwé lọ́wọ́, nítorí náà kì í ṣe ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu oníbẹntirólù ni mo fẹ́ sọ.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ta ló kọ́ Yorùbá ní kòkó? Ẹ bi ọmọ iléèwé, á ní òyìnbó ni. Òótọ́ ni pé ìjọba Èkó dá ọgbà ìdánwò kan sílẹ̀ ní Ẹ́bútẹ́ Mẹ́ta ní 1887. Ṣùgbọ́n igi kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Àwọn tó gbé e rìn ni àwọn bíi Jacob Kẹ́hìndé Coker. Oníṣòwò ni ní Èkó. Nígbà tí òwò kò gbè é mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó kọjú sí oko ní Ìfakọ̀, lágbègbè Agége. Ní 1907 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Agege Planters' Union. Àwọn lébìrà ń ti òkè wá ṣiṣẹ́ lóko wọn. Ẹnìkan á wá, á ṣe sáà kan tàbí méjì, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó, bí wọ́n ṣe ń bò ó kó lè kan, bí wọ́n ṣe ń sá a. Bó bá ń lọ sílé, èso kòkó ti wà nínú àpò rẹ̀. Àwọn oníwàásù ìjọ African Church, ìjọ tí Coker fúnra rẹ̀ jẹ́ òpó nínú rẹ̀, náà ń gbé e lọ síbi tí wọ́n bá ti ń wàásù. Báyìí ni kòkó ṣe wọ ilẹ̀ Yorùbá lọ́hùn-ún. Kò sí fásitì kankan ní Nàìjíríà nígbà yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀. Ẹni tó ń fi kòkó kọ́ni ni ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á, iye tí wọ́n ń rà á, àti ìdí tí wọ́n fi ń kọ kòkó tí kò gbẹ. Ẹ̀kọ́ àti ọjà kò pín yà.

Ẹ jẹ́ ká wá gòkè lọ sí Kánò. Àwọn oníṣòwò Manchester dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1902 tí wọ́n ń pè ní British Cotton Growing Association. Òwú ni wọ́n ń wá. Ọkàn wọn balẹ̀ pé bí rélùwéè bá ti dé Kánò, òwú ni yóò máa wọ́ lọ sí Èkó. Rélùwéè dé Kánò ní 1911. Dípò òwú, ẹ̀pà ni. Ẹ̀pà kún ilẹ̀ ìbùdókọ̀ débi pé àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó kò rí ibi kó o sí. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn oníṣòwò Hausa ti wọ abúlé lọ kí ojo tó dé. Wọ́n rán ọmọọṣẹ́ wọn kiri, wọ́n kó iyọ̀ àti aṣọ dání, wọ́n sọ fún àgbẹ̀ pé ẹ gbin ẹ̀pà, a ó rà á. Àgbẹ̀ ṣírò ó: ẹ̀pà ṣe é jẹ bí ọjà bá kọ̀, òwú kò ṣe é jẹ. Ètò tí wọ́n ṣe ní Manchester kò burú lójú ìwé o. Àwọn tó máa ra nǹkan lọ́wọ́ àgbẹ̀ gan-an ni wọn kò bá jókòó.

N kò sọ pé áńgẹ́lì ni àwọn oníṣòwò Kánò yẹn. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló jẹ gbèsè wọn títí ìkórè fi dé, ẹni tó bá sì jẹ gbèsè kì í ná ọjà. A ó padà síbẹ̀.

Ibo wá ni fásitì ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Amẹ́ríkà ni. Ní 1862, Ààrẹ Lincoln fọwọ́ sí òfin kan tó fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ kí wọ́n fi dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́. Ní 1914, òfin mìíràn, Smith-Lever, ní kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn máa rán òṣìṣẹ́ jáde lọ bá àgbẹ̀ nínú oko rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ni òyìnbó ń pè ní extension. Lẹ́nu tiwa, "àwọn àgíríìkì" ni. (Orúkọ yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Ẹ wo bí a ṣe ń sọ "adìyẹ àgíríìkì". Ó tóbi, ó yá dàgbà, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé á ní kò dùn tó ti ilé. Ojú tí ará ọjà fi ń wo gbogbo nǹkan tó bá ti ọ́fíìsì wá nìyẹn.)

Nígbà tí àwa náà gba òmìnira, irú fásitì Amẹ́ríkà yẹn ni wọ́n gbé wá bá wa. Michigan State ran Nsukka lọ́wọ́, Wisconsin ran Ifẹ̀, Kansas State ran Ahmadu Bello ní Zaria. Ti Zaria ló gbilẹ̀ jù. Ibùdó ìwádìí ti wà ní Samaru láti 1922. Nígbà tí fásitì náà bẹ̀rẹ̀ ní 1962, wọ́n fi ibùdó yẹn sábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n dá ẹ̀ka kékeré kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé ọ̀rọ̀ lọ láàárín olùwádìí àti àgbẹ̀. Ní 1975 ó di ilé iṣẹ́ tó dá dúró, ní 1987 ìjọba sọ ọ́ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Òun ni wọ́n ń pè ní NAERLS lónìí. Ìwé pélébé, rédíò, ẹ̀kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ oko, wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀. Lọ́dọọdún wọ́n ń rán èèyàn yí ìpínlẹ̀ 36 àti Abuja ká láti wo bí ọdún ọ̀gbìn ṣe rí. Kí n má purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ń kọ iye oúnjẹ lọ́jà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kéèyàn bi ọlọ́jà léèlò ni gàrì yàtọ̀ sí kéèyàn pè é jókòó nígbà tí wọ́n bá ń ṣètò ohun tí wọ́n máa gbìn.

Ní ilẹ̀ tiwa, Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Ìsọyà ní 1969, láwọn abúlé tí kò jìnnà sí fásitì. Ìbàdàn náà mú Bádéku ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Mo fẹ́ràn ìtàn Ìsọyà nítorí pé wọn kò dá àgbàdo nìkan mú. Wọ́n kọ́ àwọn àgbà níwèé, wọ́n bá àwọn obìnrin ṣe tiwọn lọ́tọ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ fásitì fẹsẹ̀ ara wọn rin abúlé. Ohun tó ṣòro nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé abúlé díẹ̀ ló lè dé, abúlé tó kù lórílẹ̀-èdè kò lóǹkà.

Ohun tí ìjọba rí nìyẹn tí wọ́n fi sáré. Ní 1975, Báńkì Àgbáyé bá wọn fi owó dá ADP sílẹ̀ ní Funtua, Gusau àti Gombe, kó tó tàn dé gbogbo ìpínlẹ̀. Ní 1976 wọ́n tún pariwo Operation Feed the Nation, wọ́n ní kí àwọn ọmọ fásitì lo ìsinmi wọn lóko. Ẹni tó bá lọ nínú wọn á lè sọ iye ebè tó kọ, n kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ìyẹn. ADP ni iṣẹ́ gidi. Ètò rẹ̀ mọ́ tónítóní: òṣìṣẹ́ oko lọ gba ẹ̀kọ́, ó gun alùpùpù, ó bẹ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti yàn wò lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, àwọn yẹn á fi kọ́ àwọn tó kù. Mo rí wọn lójú mi ní kékeré lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Aago wọn kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n owó Báńkì Àgbáyé ló ń ra epo sí alùpùpù yẹn. Nígbà tí owó náà gbẹ ní àwọn ọdún 1990, alùpùpù dúró. Àwọn tó fẹ̀yìn tì, wọn kò fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Ọ́fíìsì ADP ti Abuja, Gwagwalada níbí ló wà, ẹ lè gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Ọ̀kan wà tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú gbogbo ètò wọ̀nyí. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àwọn olùwádìí, àwọn òṣìṣẹ́ oko àti àgbẹ̀ kì í gbọ́ ara wọn, wọ́n wá so wọ́n pọ̀ nínú ètò kan tí wọ́n pè ní REFILS. Ẹ ka lẹ́tà orúkọ náà. Ìwádìí wà níbẹ̀, ìtànkálẹ̀ ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, àgbẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta ajílẹ̀ àti irúgbìn náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ra ohun tí wọ́n bá kórè kò ní lẹ́tà kankan. Ọmọ Gbagyi yẹn kò ṣẹ̀ mí o. Ìwé tó kó wá jẹ́ ọmọọmọ ìwé tí wọ́n ti ń kọ láti ọjọ́ tó pẹ́.

Ó dáa, ká wá bọ̀ sí Gwagwalada. Ẹ ṣàkíyèsí ọjọ́ kan: 1 oṣù kìíní 1988. Ọjọ́ yẹn ni a dá fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn kan náà ni a dá Yunifásítì Abuja sílẹ̀, tí ilé rẹ̀ àkọ́kọ́ wà láàárín ìlú wa níbí kí wọ́n tó nasẹ̀ lọ sí ojú ọ̀nà Airport. (Ní ìparí 2024 ìjọba kéde orúkọ Yakubu Gowon fún un, àwọn ọlọ́kadà ṣì ń pè é ní UniAbuja.) Bí ìbejì ni wọ́n, ṣùgbọ́n àpótí tí wọ́n kó fún wọn yàtọ̀. Òfin ti Abẹ́òkúta kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìkọ́ni, ìwádìí àti jíjáde lọ bá ará ìlú ni iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ka kan fún un láti 1991, AMREC, wọ́n sì tún ní ètò tí ọmọ iléèwé fi ń lọ gbé láàárín àwọn ará abúlé Ògùn, tó ń dáko níbẹ̀. Ti Abuja, fásitì gbogboogbò ni, tó ní láti kọ́ agbẹjọ́rò, dókítà, olùkọ́, kó tó kan ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. Nítorí náà bó bá ń ṣètò ọdún márùn-ún fún iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ará ìlú, kò lè gbé ti Zaria tàbí ti Abẹ́òkúta wá kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ilẹ̀ ibí pàápàá kò jọ ti ibòmíràn. Òfin tó dá Abuja sílẹ̀ ní oṣù kejì 1976 sọ gbogbo ilẹ̀ di ti ìjọba àpapọ̀. Èrò àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n kó gbogbo onílẹ̀ kúrò pátápátá, kó tó di pé wọ́n yí i padà, tí ọ̀pọ̀ Gbagyi, Bassa, Gade àti Koro fi wà níbẹ̀ títí dòní. Àgbẹ̀ tó bá ń dáko lọ sọ́nà Dobi tàbí Paiko mọ̀ pé ẹnìkan lè gbé ìwé dé lọ́la. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á gbin káṣú tó máa dúró ọdún mẹ́ta kó tó so? Iṣu, àgbàdo, ẹ̀gúsí, gbágùúdá, ohun tó máa di owó kí ọdún tó yí ló ń wá. Ta ló ń ra ohun bẹ́ẹ̀? Ẹ dáhùn.

Ta sì ni "ará ìlú"? Nínú ìwé wọn, abúlé ni, baálẹ̀ ni, ọmọ onílẹ̀ ni. Àwa tí a ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún níbí, tí ọmọ wa ń sọ Hausa ju Yorùbá lọ, àlejò ni wọ́n ń pè wá, àwa náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fèsì sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n wo ohun tí òótọ́ yẹn ń ná wa.

Mo fẹ́ sọ ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún kan, àwọn kan kó igi gbágùúdá tuntun lọ sí abúlé kan tí mo ti ń rajà. Wọ́n fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ya fọ́tò. Gbágùúdá yẹn ta gan-an, ó tóbi bí itan màlúù. Gbogbo abúlé gbìn ín lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá, ẹyọ kan péré ló wà, ó sì ti bàjẹ́. Ẹ mọ gbágùúdá, bí ẹ bá ti wú u, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ó ti dúdú nínú. Nígbà tí bàbá tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ tó pè mí, ó ti jẹrà lẹ́yìn ilé. Ní oṣù yẹn kan náà, oníbàárà mi ní Ìlọrin ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá gàrì, n kò rí. Ká ní ẹnìkan ti sọ fún mi nígbà tí wọ́n ń gbìn ín, màá ti rí ẹni tó máa gbé ẹ̀rọ wá. Bàbá yẹn kò gbin gbágùúdá mọ́ títí ó fi kú. N kò rò pé ẹni tó kó igi wá mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ó ṣeé ṣe kí nǹkan yàtọ̀ o. IITA ní Ìbàdàn ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní Aflasafe, tí wọ́n ń fọ́n sínú oko àgbàdo kí olú olóró má bàa wọ ọkà. Kò sí àgbẹ̀ tó máa fi owó ra ohun tí ojú kò rí bí ẹnikẹ́ni kò bá san kọ́bọ̀ lé àgbàdo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tàn án kálẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n ṣe ètò kan tó ń fún àwọn tó ń kó àgbàdo jọ lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní owó ìwúrí lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Àwọn yẹn ló lọ kọ́ àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó, nítorí pé èrè wọn wà níbẹ̀. Ìtàn Agége àti Kánò ló padà wá yẹn.

Mo ní a ó padà sí ọ̀rọ̀ gbèsè. Bí a bá lọ jókòó pẹ̀lú wọn, àwọn àgbẹ̀ náà á wà níbẹ̀, wọ́n á sì sọ tiwa. Wọ́n á sọ nípa àpò tí a ń rán orí mọ́ kó lè ga. Wọ́n á sọ nípa múdù, pé èyí tí a fi ń rà lóko tóbi ju èyí tí a fi ń tà lọ́jà. Wọ́n á sọ nípa owó tí a fún wọn nígbà ọ̀wọ́n, tí a wá fi gba ọkà wọn nígbà ọ̀pọ̀. Ẹ má jẹ́ ká máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ rí. Bí èèyàn bá fẹ́ kí wọ́n kọ òun sínú ìwé, wọ́n á kọ ẹ̀bi rẹ̀ náà síbẹ̀. Èmi gbà á bẹ́ẹ̀. Múdù tó wà ní ìsọ̀ mi, méjì ni, mo sì mọ èyí tí mo ń gbé lọ sóko.

Ọmọ náà ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó fi ojú ewé kan kún ìwé rẹ̀ fún àwọn tó ń rajà lóko, ó ní òun á bi olùkọ́ òun. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín kí Ọjọ́bọ̀ tó ṣú ni pé kí ẹni tó ń ra àgbàdo sọ irú èyí tí àwọn oníoúnjẹ adìyẹ ń dá padà fún un, àti ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń ra iṣu ní Zuba, sọ iye tó ń jẹrà lọ́wọ́ rẹ kó tó dé Èkó, má fi kún un, má yọ níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kwali, oṣù wo ni ọ̀nà oko yín kì í ṣeé gbà? Ẹni tí gàrì rẹ̀ ń lọ sí Ìlọrin, sọ iye àpò tí wọ́n ń bi ọ́ tí o kò rí. Ohùn ìṣẹ́jú kan tó. Bí ẹ bá mọ abúlé kan tí nǹkan ti bàjẹ́ bíi ti bàbá tí mo sọ yẹn, ẹ sọ orúkọ abúlé náà, ẹ má dárúkọ ẹni tó ṣe é.

Ẹni tó fẹ́ sọ ti múdù náà, mo ti sọ tèmi. Ẹ máa rọra sùn o.